Ẹyẹ Tí Ojú Ọ̀run Kò Tó: Bí A Ṣe Ń Wá Àwọn Ẹyẹ Olórin Tó Ṣọ̀wọ́n Nínú Igbó Orí Òkè

Àwọn àgbà ló sọ pé ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láì fara kanra. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, kò sì sí ẹni tí yóò bá wọn jiyàn. Síbẹ̀, àwọn ẹyẹ kan wà ní orílẹ̀-èdè Nàìjíríà yìí tó jẹ́ pé, bí ojú ọ̀run ṣe fẹ̀ tó, ibi tí wọ́n lè gbé kò ju orí òkè bíi mélòó kan lọ. Inú igbó tútù ni wọ́n wà, níbi tí ìkùukùu ti máa ń bo orí igi láàárọ̀. Bí igbó náà bá jóná lónìí, wọn kò ní ibòmíràn tí wọn yóò fò lọ. Kékeré ni púpọ̀ nínú wọn, wọn kì í sì í fẹ́ kí ènìyàn rí wọn, ṣùgbọ́n ohùn wọn a máa gba igbó kan.

Àwọn ẹyẹ wọ̀nyí ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí: ibi tí wọ́n wà, ìdí tí wọn kò fi sí níbòmíràn, bí ẹni tó bá fẹ́ rí wọn yóò ṣe wá wọn, àti ohun tí a gbọ́dọ̀ ṣe kí àwọn ọmọ wa má baà jẹ́ ẹni tí yóò máa gbọ́ orúkọ wọn lásán.

Ibo ni àwọn òkè náà wà?

Kì í ṣe gbogbo òkè ni irú ẹyẹ bẹ́ẹ̀ ń gbé. Olúmọ ní Abẹ́òkúta àti òkè Ìdànrè ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó lókìkí káàkiri ayé, ṣùgbọ́n wọn kò ga tó láti ní irú igbó tútù tí à ń sọ yìí. Ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè yìí, lẹ́bàá ààlà àwa àti Kamẹrúùnù, ni kí á kọjú sí. Àwọn òkè gíga tó wà níbẹ̀ bá àwọn òkè Kamẹrúùnù tan. Èyí tó ga jù nínú gbogbo wọn ni Òkè Kamẹrúùnù fúnra rẹ̀, tó ga ju 4,000 mítà lọ. Òkè tó ń tú iná ni. Ó tú u ní ọdún 1999, ó tún tú u ní ọdún 2000.

Lọ́dọ̀ tiwa, ibi mẹ́ta ni àwọn olùwá-ẹyẹ máa ń dárúkọ. Èkínní ni orí òkè Obudu ní Ìpínlẹ̀ Cross River, tó ga tó nǹkan bí 1,600 mítà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ ibẹ̀ nítorí ọgbà màlúù tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1951, èyí tó padà di ibi ìgbafẹ́. Èkejì ni Ngel Nyaki, lórí ilẹ̀ gíga Mambilla ní Ìpínlẹ̀ Taraba. Ẹ̀kẹta ni ọgbà ìtọ́jú ẹranko Gashaka-Gumti, tó tóbi jù nínú àwọn ọgbà ẹranko ìjọba àpapọ̀, tó wà láàárín Taraba àti Adamawa. Inú ọgbà yìí ni Chappal Waddi wà, òkè tó ga jù lọ ní gbogbo Nàìjíríà. Gíga rẹ̀ jẹ́ 2,419 mítà.

Kí ló dé tí wọn kò fi sí níbòmíràn?

Ẹni tó bá ti gun òkè rí yóò mọ̀ pé bí a ṣe ń gòkè ni ara ń tutù. Ní gbogbo 100 mítà tí ènìyàn bá gùn, ooru máa ń dín ní ohun tó lé díẹ̀ ní ìlàjì dígírì. Nítorí náà, ẹni tó bá wà lórí Obudu wà nínú òtútù tó tó dígírì mẹ́wàá sí ti etí òkun. Igi tó ń hù níbẹ̀ yàtọ̀ sí ti ìsàlẹ̀. Èédú ewéko àti ọ̀pọ̀lọpọ̀ àfòmọ́ a máa bo ẹ̀ka igi, kòkòrò ibẹ̀ yàtọ̀, ẹyẹ tó ń jẹ kòkòrò náà sì yàtọ̀ pẹ̀lú.

Àwọn onímọ̀ sọ pé ní nǹkan bí 20,000 ọdún sẹ́yìn, nígbà tí gbogbo ayé tutù ju báyìí lọ, àwọn igi òkè wọ̀nyí sọ̀kalẹ̀ wá sí pẹ̀tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ayé tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, igbó tútù náà ń fà sẹ́yìn lọ sókè díẹ̀díẹ̀, àwọn ẹyẹ inú rẹ̀ sì ń bá a lọ. Ibi tó bá wọn dé lórí òkè kọ̀ọ̀kan ni wọ́n jókòó sí títí di òní. Ńṣe ni igbó orí òkè kọ̀ọ̀kan dà bí erékùṣù tí òkun yí ká, àmọ́ ilẹ̀ gbígbóná ló yí i ká dípò omi. Ẹyẹ orí òkè kan kì í sáàbà fò kọjá pẹ̀tẹ́lẹ̀ lọ sórí òkè mìíràn. Ìdí rèé tí irú ẹyẹ kan fi lè wà lórí òkè mẹ́rin tàbí márùn-ún péré ní gbogbo àgbáyé.

Díẹ̀ nínú àwọn olórin náà

Ẹ jẹ́ kí á dárúkọ mélòó kan. Ẹyẹ kan wà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Laniarius atroflavus. Ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú bí aró, àyà rẹ̀ sì pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí ìyeyè tó pọ́n. Tọkọtaya ni wọ́n jọ ń kọrin. Akọ yóò lé e, abo yóò gbè é, ohùn méjèèjì yóò sì wọ inú ara wọn tó bẹ́ẹ̀ tí àlejò yóò fi rò pé ẹyẹ kan ṣoṣo ni. Orin yìí ni wọ́n fi ń sọ fún àwọn aládùúgbò wọn pé ilẹ̀ ibẹ̀ ti ní onílé. Ó wà lórí Obudu, ó sì wà lórí Mambilla.

Èkejì ni ẹyẹ ńlá kan, Malaconotus gladiator. Orí rẹ̀ ní àwọ̀ eérú, ara rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé, ẹnu rẹ̀ sì nípọn, ó tẹ̀ kọ́lọ́ níwájú. Nítorí pé àwọ̀ ewé ló ní, ènìyàn lè dúró sábẹ́ rẹ̀ gan-an kí ó má rí i. Ṣùgbọ́n bí ó bá ké, bí ẹni tó ń súfèé nínú ìbànújẹ́ ni, ohùn kan náà lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta, láì kánjú.

Ìran ẹ̀gà náà ní aṣojú lórí òkè. Gbogbo wa la mọ ẹ̀gà ìgboro tó máa ń kó ara wọn jọ sórí ọ̀pẹ, tí wọn yóò sì máa pariwo láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Èyí tó wà lórí òkè, Ploceus bannermani, kò rí bẹ́ẹ̀. Ara rẹ̀ pọ́n bí ti àwọn ìbátan rẹ̀, ojú rẹ̀ dúdú bí ẹni tó fi aṣọ dí i, ṣùgbọ́n méjì-méjì tàbí nínú ọ̀wọ́ kékeré ni a máa ń bá a létí igbó. David Bannerman, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó kọ ìwé ńlá lórí ẹyẹ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ni wọ́n fi sọ orí rẹ̀.

Òmíràn ni Kupeornis gilberti, ẹyẹ aláwọ̀ igi tí ọ̀fun rẹ̀ funfun. Kì í dá rìn. Ẹbí kan yóò jọ máa tú èédú ara igi wò lókè réré, wọn yóò sì máa fi igbe líle pe ara wọn. Obudu nìkan ni a ti mọ̀ ọ́n ní Nàìjíríà. Ẹni ìkẹyìn tí a ó dárúkọ ni Bradypterus bangwaensis, ẹyẹ pupa rúsúrúsú tí kì í jáde kúrò nínú igbó dídí etí ilẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ti gbọ́ ọ nítòsí ẹsẹ̀ wọn tí wọn kò sì rí ìyẹ́ rẹ̀ kan.

Etí ni a fi ń wá wọn

Ohun tí àwọn àpẹẹrẹ yìí ń kọ́ wa ni pé nínú igbó orí òkè, etí ló ń ṣáájú ojú. Ewé pọ̀, ìkùukùu ń bò, ẹyẹ kò sì dúró lójú kan. Ohùn nìkan ló ń gba àárín ewé kọjá. Èyí kì í ṣe àjèjì sí àwa Yorùbá. Àwọn ọdẹ wa mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú igbó kí wọ́n tó fojú rí i, orúkọ tí a sì fún kówéè kò jìnnà sí igbe ẹnu rẹ̀.

Ẹ̀rí tó fìdí ọ̀rọ̀ yìí múlẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ gíga Jọ́ọ̀sì. Ẹyẹ dúdú kékeré kan wà níbẹ̀ tí kì í tọ́ ọmọ rẹ̀ fúnra rẹ̀. Inú ìtẹ́ àwọn ẹyẹ ìran olongo ló ń yé sí. Akọ ọmọ tí wọ́n bá bá a tọ́ yóò kọ́ orin alágbàtọ́ rẹ̀, orin náà ni yóò sì máa kọ títí ayé rẹ̀. Robert Payne, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ṣàkíyèsí pé orin tí ẹyẹ dúdú ti Jọ́ọ̀sì ń kọ kò bá ti olongo kankan tí a mọ̀ mu. Bí ọmọ bá ń sọ èdè kan, alágbàtọ́ tó kọ́ ọ ní èdè náà gbọ́dọ̀ wà níbì kan. Wọ́n tẹ̀ lé orin náà, wọ́n sì bá alágbàtọ́ náà láàárín àpáta: olongo tí ìwé ìmọ̀ kankan kò tíì kọ orúkọ rẹ̀. Ọdún 1998 ni wọ́n kéde rẹ̀ fún ayé, tí wọ́n sì pè é ní Lagonosticta sanguinodorsalis.

Sùúrù ni ìkejì etí. Ní Òkè Kupe ní Kamẹrúùnù, tó ga tó 2,064 mítà, William Serle rí ẹyẹ kan ní ọdún 1949 tí ẹnikẹ́ni kò rí irú rẹ̀ rí. Lẹ́yìn náà, odidi ogójì ọdún kọjá tí onímọ̀ kankan kò tún fojú kàn án. Àwọn kan ti ń rò pé ó ti tán láyé kí wọ́n tó tún rí i ní ọdún 1989. Orí òkè náà ló wà ní gbogbo ìgbà yẹn.

Ìmúrasílẹ̀ àti ìrìn

Láàárín oṣù Kọkànlá sí oṣù Kẹta, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ni ọ̀nà orí òkè máa ń gbẹ. Kí ẹni tó bá fẹ́ lọ tó gbéra, kí ó kọ́kọ́ wádìí bí ọ̀nà ṣe rí àti bí ààbò ṣe rí lọ́dọ̀ àwọn tó ń gbé ibẹ̀. Kí ó gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn alábòójútó igbó, kí ó sì mú atọ́nà ọmọ ìlú náà dání. Atọ́nà tó gbọ́n mọ igi tí ẹyẹ fẹ́ràn, ó sì mọ ibi tí ilẹ̀ ti ń yọ̀.

Aṣọ tí àwọ̀ rẹ̀ kò tàn ló yẹ, pẹ̀lú bàtà tó le, aṣọ òtútù àti aṣọ òjò. Kí á mú awò tí a fi ń wo ọ̀nà jíjìn, ìwé kékeré àti pẹ́ńsù. Fóònù tó lè gba ohùn sílẹ̀ wúlò púpọ̀, nítorí pé ohùn tí a kò mọ̀ lónìí, a lè fi wé ohùn tí àwọn ẹlòmíràn ti gbà sílẹ̀ nígbà tí a bá padà délé. Xeno-canto, ibi tí wọ́n ń kó ohùn ẹyẹ jọ sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti ọdún 2005, wà fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni.

Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni kí á ti wà létí igbó. Ìdájí ni ẹyẹ ń kọrin jù, nítorí pé atẹ́gùn kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́, ohùn sì máa ń lọ jìnnà nígbà náà. Kí á rin ìwọ̀nba, kí á dúró. Ẹni tó bá dúró jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá yóò gbọ́ ju ẹni tó rin wákàtí kan láì sinmi lọ. Bí igbó bá dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́, kí á má sọ̀rètí nù. Ọ̀pọ̀ ẹyẹ orí òkè a máa rìn pọ̀ ní ọ̀wọ́, oríṣiríṣi ẹ̀yà lẹ́ẹ̀kan náà. Igbó lè dákẹ́ rọ́rọ́ fún ìdajì wákàtí, kí igi kan ṣoṣo sì kún fún ẹyẹ lójijì. Bí a bá rí ìjàlọ tó ń wọ́ lọ lórí ilẹ̀, kí á yẹra fún wọn, kí á sì dúró nítòsí. Kòkòrò tó ń sá fún ìjàlọ a máa di oúnjẹ àwọn ẹyẹ tó ń tẹ̀ lé e.

Ìkìlọ̀ kan ṣe pàtàkì. Àwọn kan máa ń gbé ohùn ẹyẹ sórí fóònù láti fi tan ẹyẹ jáde. Lójú ẹyẹ náà, ọ̀tá ló wọlé tọ̀ ọ́ wá. Yóò fi oúnjẹ sílẹ̀, yóò fi ẹyin sílẹ̀, yóò wá jà. Ẹni tó bá ń ṣe èyí léraléra ń pa ohun tó wá wò lára. Ó sàn kí á má rí ẹyẹ náà ju kí á lé e kúrò lórí ìtẹ́ rẹ̀ lọ.

Òkò tó ń bọ̀

Ewu tó dojú kọ àwọn ẹyẹ yìí kò pamọ́. Lórí Obudu, igbó tó kù kò ju abala-abala lọ, nínú àfonífojì, láàárín pápá àti oko. Lórí Mambilla, iná tí a ń dá sí pápá lẹ́ẹ̀rùn kí koríko tutù lè hù fún màlúù a máa jẹ etí igbó díẹ̀díẹ̀ lọ́dọọdún. Ilẹ̀ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ ní Ngel Nyaki tó kìlómítà 46 níbùú lóròó, ṣùgbọ́n igbó gan-an tó wà nínú rẹ̀ kò tó kìlómítà mẹ́wàá. Bí ayé sì ṣe ń gbóná sí i, igbó tútù yóò tún fẹ́ gòkè. Ẹyẹ tó ti wà lórí òkè tẹ́lẹ̀, ibo ni yóò tún gùn?

Ẹnìkan lè béèrè pé kí ló kan ará Ìbàdàn tàbí ará Èkó nínú èyí. Omi ló kàn án. Lára àwọn òkè wọ̀nyí ni odò Donga àti odò Taraba ti ń ṣàn wá sínú Benue, Benue sì ń bá Ọya pàdé ní Lọ́kọ́ja. Igbó ló ń gba òjò dúró lórí òkè kí ó tó máa sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹyẹ tó ń jẹ èso níbẹ̀ ló sì ń gbin igbó náà, nítorí pé ibi tí wọ́n bá yàgbẹ́ sí ni kóró igi ti ń hù. Bí ẹyẹ bá lọ, igi yóò tẹ̀ lé e. Bí igi bá lọ, omi kò ní pẹ́ tẹ̀ lé e.

Àtúnṣe kò tíì kọjá agbára wa. Láti ọdún 2004 ni Hazel Chapman, onímọ̀ láti Yunifásítì Canterbury ní ilẹ̀ New Zealand, ti dá iṣẹ́ ìtọ́jú àti ìwádìí sílẹ̀ ní Ngel Nyaki. Àwọn ọmọ abúlé ibẹ̀ ni wọ́n gbà síṣẹ́, wọ́n ń tọ́ ọmọ igi ìbílẹ̀, wọ́n sì ń la ọ̀nà tí kò ní jẹ́ kí iná wọ igbó. Ní Kilum-Ijim ní Kamẹrúùnù, àjọ àgbáyé tí à ń pè ní BirdLife International lónìí bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1987 pẹ̀lú àwọn ará Oku àti Kom. Wọ́n jọ pààlà igbó, oyin funfun tí wọ́n ń mú nínú igbó náà sì gba ẹ̀tọ́ orúkọ ìlú tirẹ̀ ní ọdún 2013. Ogun tó bẹ́ sílẹ̀ ní agbègbè yẹn láti ọdún 2017 ti pa iṣẹ́ náà lára, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò parẹ́: ẹni tí igbó ń bọ́ ni yóò bá wa ṣọ́ igbó.

Ẹni tí kò bá lè dé Mambilla lè bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Nínú igbó tó wà lọ́gbà IITA ní Ìbàdàn, ẹyẹ ìran ẹ̀gà kan wà tó jẹ́ pé ilẹ̀ Yorùbá nìkan ló ń gbé ní gbogbo ayé. Malimbus ibadanensis ni orúkọ rẹ̀. John Elgood ló kéde rẹ̀ ní ọdún 1958. Òun kì í ṣe ẹyẹ orí òkè, àmọ́ ìṣòro kan náà ló ní, nítorí pé igbó rẹ̀ ń tán. Kí á kọ́ etí wa níbẹ̀ ní ìdájí ọjọ́ kan, kí á mọ ohùn mẹ́ta tàbí mẹ́rin dunjú, kí á tó máa wá ti òkè lọ.

Yorùbá ní ẹyẹ kì í sọ fún ẹyẹ pé òkò ń bọ̀. Àwa tí a rí òkò náà, tí a sì mọ ọwọ́ tó jù ú, àwa ni kí á sọ̀rọ̀ nígbà tí orin ṣì ń dún lórí òkè.